Àyè Tó Ṣófo Nínú Fáìlì Zaynab

Olúwẹ̀mímọ́ ló ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní ọsibítù aládàáni kan ní Onitsha. Ètò inú kọ̀ǹpútà tó bá níbẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹni tó kọ ọ́ sì ti lọ sí Kánádà. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ aláìsàn, ìbéèrè gígùn kan ṣoṣo tí ètò náà ń bi kọ̀ǹpútà ló máa ń lọ ṣa ọ̀rọ̀ onítọ̀hún jọ láti ibi mọ́kàndínlógún. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ti so nǹkan mọ́ ọn. Bó bá ti pẹ́ jù, fáìlì á ṣí láìpé, kò sì ní sọ pé òun ò pé.

Ó bẹ Okwudili, ọ̀gá wọn, pé kó jẹ́ kóun pín ìbéèrè náà sí kéékèèké.

"E dey work," ni ọ̀gá wí. "No touch am."

Lẹ́yìn náà ló ní kó fi ọjọ́ ìbí ọmọ àwọn aláìsàn kún un, kí ọsibítù lè máa kí wọn lọ́jọ́ náà. Olúwẹ̀mímọ́ so ó mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àdìó, tó ń ta táyà ní Upper Iweka, gbé Zaynab ìyàwó rẹ̀ dé láti Nkwelle Ezunaka. Ara obìnrin náà gbóná, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí Àdìó ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí, fáìlì ṣí. Ọjọ́ ìbí ọmọ wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kọ òògùn tí ara kọ̀ sí ṣófo. Nọ́ọ̀sì gún un ní pẹnisílìn.

Kò pé wákàtí kan tó fi kú.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi!" ni Àdìó ń ké. "Nígbà tó bí Ràódàt níbí, pẹnisílìn yìí fẹ́ẹ̀ pa á!"

Olúwẹ̀mímọ́ wọ yàrá rẹ̀, ó bi kọ̀ǹpútà ní òògùn tí ara Zaynab kọ̀ nìkan. Kíá ló dáhùn: pẹnisílìn.

Okwudili wọlé tọ̀ ọ́, ó ti ilẹ̀kùn. "Write say na network."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìjábọ̀ ikú náà. Ó sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n sin Zaynab nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àdìó di Olúwẹ̀mímọ́ lọ́wọ́ mú.

"Ẹ ṣé, àǹtí. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ wá."

Olúwẹ̀mímọ́ fẹ́ sọ ohun tí kọ̀ǹpútà fi hàn án. Ó tilẹ̀ la ẹnu. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere," ló jáde.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Títí di òní, kò tíì sọ ọ́ fún un.