Àmì Dúdú Ojú Oòrùn

Bàbá kan ló fi gbogbo ayé ẹ̀ jó irin mọ́ irin. Bàbá Wẹ́dà làdúgbò ń pè é. Nígbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀, kò tún lóhun méjì tó ń ṣe ju kó máa ya fọ́tò oòrùn àti òṣùpá lọ. Ó gbé awò gígùn kan tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú fèrèsé yàrá òkè, ó so kámẹ́rà mọ́ ìdí ẹ̀. Tó bá kan oòrùn, á fi dígí dúdú bo ẹnu awò náà. Ẹni tó jẹ wẹ́dà ṣáà mọ̀ pé èèyàn kì í ranjú mọ́ iná.

Ó ya oòrùn lọ́jọ́ kan, ló bá rí àmì dúdú kékeré lápá òsì. Bẹ́ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló fi etí aṣọ nu awò yẹn láàárọ̀. Ìyàwó ní òun rọra nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun ni. Bàbá kọ̀, ó ní ó ti ha á, kò gbọ́dọ̀ dé yàrá òkè mọ́. Ó tún ro ẹjọ́ ẹ̀ fún Táílọ̀ ìsàlẹ̀.

Ni ilé bá pa lọ́lọ́. Oúnjẹ ń bọ̀ o, ìkíni ń bọ̀, àmọ́ ẹ̀rín táwọn méjèèjì máa ń rín títí oorun fi máa kùn wọ́n ti fò lọ. Bàbá ya òṣùpá wò bóyá àmì yẹn á hàn, àmọ́ ojú òṣùpá kún fún àbàwọ́n tiẹ̀, kò mọ èwo lèwo.

Nígbà tó tẹ́ fọ́tò oòrùn ọ̀sẹ̀ náà síra, ó rí i pé àmì yẹn ti rìn kúrò lápá òsì, ó ti dé àárín. Ohun tó bá ha dígí kì í rìn kiri. Oòrùn ló ni àmì ẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó ń ká aṣọ.

"Ìyá wọn, mo jẹ̀bi. Ara oòrùn ni àmì yẹn wà."

Ìyàwó ò wojú ẹ̀. "Ṣé ẹ ti wá lé oòrùn náà kúrò ní yàrá òkè, àbí èmi nìkan lẹ mọ̀ ọ́n lé?"

Ìyàwó ní ẹni tó gbọ́ ẹ̀sùn ló yẹ kó gbọ́ ìdáláre. Bàbá yọjú lójú fèrèsé, ó pe Táílọ̀, ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Táílọ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó gbàgbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó tó gòkè. Ó jókòó sórí àga bàbá, ó ń wo àmì náà lẹ́yìn kámẹ́rà. Nígbà tó pẹ́, bàbá ní kó jẹ́ kóun náà rí i.

Ó ní, "Ẹ ṣì ní sùúrù ná."

Bàbá Wẹ́dà fara ti ògiri, ó ní sùúrù.