Ta Ni Yóò Wẹ Àlímì?

Ará Agbówà mọ ẹnu ú lò. Láti ìdájí tí Àlímì ti dákẹ́ ni wọ́n ti ń rọ́ wá síwájú ilé rẹ̀, tí wọ́n ń mi orí. "Èèyàn ńlá lọ." "Ta ni yóò tún ṣe bíi tirẹ̀ fún wa?" Ṣùgbọ́n nígbà tí Àáfà Ìdrís dìde, tó ní kí àwọn ọkùnrin díẹ̀ jáde wá wẹ òkú kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnu gbogbo wọn wọhò.

Sọ̀fíyàt, ìyàwó olóògbé, ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Òmíràn ní ìyàwó òun lóyún, òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú. Alhaji Bísíríyù, alága àdúgbò, tí obì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn kan láti Ìkòròdú. Bísíríyù yìí kan náà! Àlímì ló wẹ bàbá rẹ̀. Àlímì ló wẹ àbúrò rẹ̀ tí jàǹbá ọkọ̀ pa, tí ẹbí fúnra wọn ò lè wò lójú.

Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni Àlímì. Òkú àlejò kan tó léfòó létí ọ̀sà ló sọ ọ́ di awẹ̀kú. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n di imú; òun ló gbé e, tó wẹ̀ ẹ́, tó sì sin ín. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá kú, ilẹ̀kùn Àlímì ni wọ́n ń kàn. Bí wọ́n bá bímọ, wọn kì í rántí ilé rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ tí Sọ̀fíyàt ń sè, wọn ò rà á, wọ́n ní ilé awẹ̀kú ló ti wá. Ó ń gbé e lọ tà ní Garáàjì Ìkòròdú, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń lá abọ́ mọ́. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ Lateefah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, àwọn òbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ò lè fi ọmọ awẹ̀kú ṣe aya ọmọ àwọn.

Bẹ́ẹ̀, bàbá yìí kì í fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ara tán. Á na ọwọ́ sí i. "Lateefah, gbóòórùn rẹ̀ wò. Ṣé ó mọ́?" Ọmọ á ní ó mọ́. Títí tó fi dàgbà ni bàbá ń bi í.

Sọ̀fíyàt fi ojú fèrèsé sílẹ̀. Ó jáde sí wọn.

"Ẹ má ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Àáfà, ṣé ẹ̀sìn wa gba aya láyè kó wẹ ọkọ rẹ̀?"

"Ó gbà á, Ìyá Lateefah."

"Ó parí nìyẹn."

Lateefah ń pọnmi dé ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ ń gbà á. Ó wẹ ọkọ rẹ̀ bí Àlímì fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un lẹ́yìn oúnjẹ: apá ọ̀tún kọ́kọ́, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tó kan ọwọ́, ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ó mọ́, ọkọ mi," ó wí. "Ọwọ́ rẹ mọ́."

Wọ́n sin ín tán, wọ́n padà síwájú ilé olóògbé. Alhaji Bísíríyù tún sún obì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wúkọ́.

"Ìyá Lateefah, a rí iṣẹ́ yín. A ti fẹnu kò pé kẹ́ ẹ máa bá wa wẹ òkú àwọn obìnrin. Ẹ̀bùn ìdílé yín ni."

Sọ̀fíyàt dìde. Ó wọlé, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ tó yẹ kó gbé lọ sí Garáàjì lówùúrọ̀ kaná, ó bù ú sábọ́, ó sì gbé e síwájú alága.

"Mo gbọ́, Alhaji. Ẹ kọ́kọ́ jẹ èyí ná."

Ọkùnrin náà wo abọ́. Ó wo ìka obìnrin náà.

"Ààwẹ̀ ni mo gbà lónìí," ó wí, bẹ́ẹ̀ ni obì ń pọ́n eyín rẹ̀.

Sọ̀fíyàt gbé abọ́ náà yípo. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Kódà Àáfà ń wo ilẹ̀.

"Ọwọ́ tí ẹ ò lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ láàyè," ni obìnrin náà wí, "ẹ má retí rẹ̀ lára òkú yín."

Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Lateefah wá jókòó tì í, òun náà bọwọ́ sínú abọ́.