Ìyàwó Mélòó Ló Fi Sílẹ̀?

Ẹ sún mọ́bí o, ẹ sún mọ́bí. Ẹni tó ń gé èékánná, kó gbé abẹ sílẹ̀ ná. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná, kó yọ igi kan kúrò nídìí ẹ̀ kó wá jókòó, torí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, tẹ́ ẹ bá fi etí kan gbọ́ ọ, ẹ ó bú ẹni tí kò yẹ kẹ́ ẹ bú.

Ayé òyìnbó ni, nígbà tí kòkó ń sọ tálákà di ẹni tó ń kọ́lé onípáànù. Ọkùnrin kan wà n'Ìkirè, Titus Gbádégẹṣin lorúkọ ẹ̀. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbé Susannah níyàwó, ìgbéyàwó olórùka, tòun tìwé. Susannah ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì bí, Jemima, tó wà níléèwé àwọn obìnrin n'Ìbàdàn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Kò dáa bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí Titus ra ilẹ̀ kòkó l'Ápòmù, ó tún rí Mùnírátù fẹ́ ńbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀, Mùsùlùmí. Kò mú un wá sílé Ìkirè. Àpòmù ló fi í sí, ibẹ̀ ni Mùnírátù ti bá a gbin kòkó, ibẹ̀ ló ti bímọ mẹ́rin fún un. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Susannah náà mọ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí orúkọ Mùnírátù kan òun lẹ́nu rí. "Àwọn ará oko" ló máa ń pè wọ́n.

Ibà ló mú Titus, kò sì pẹ́ tó fi lọ. Ó lọ láìsọ pé báyìí ni kí wọ́n ṣe pín nǹkan òun.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn àgbà wa. Gbàrà tí wọ́n sìnkú tán, ẹbí so màrìwò dábùú ọ̀nà oko Àpòmù: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ká kòkó kan ńbẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ẹni tó ni ín. Kòkó ò kúkú mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń pọ́n lọ ní tiẹ̀, torí ìgbà ìkórè gan-an ni. Lẹ́tà iléèwé náà dé láti Ìbàdàn: tí owó Jemima ò bá tètè wọlé, wọ́n á fàyè ẹ̀ fún ọmọ mìíràn.

Ni Obadiah, ẹ̀gbọ́n Titus, bá gbé àga sún mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Susannah.

"Ìyàwó mi, ìwé ìgbéyàwó ẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpótí, ọkọ mi."

"Gbé e jáde. Mo ti bá akọ̀wé kóòtù sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó olórùka, òfin òyìnbó ò mọ̀ ju ìyàwó kan lọ fún un. Fi ìwé yẹn hàn wọ́n, kó o ní ìwọ nìkan ni. Wọ́n á kọ ìwé àṣẹ ogún ẹ̀ fún ẹ. Owó tó fi pamọ́ sí pósófíìsì, tìẹ. Oko, tìẹ àti ti Jemima. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la ó tú màrìwò."

"Àwọn ará oko ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá lẹ́jọ́, kí wọ́n wá rò ó. Ta ló tì wọ́n mọ́lé?"

Àmọ́ wọ́n ti Mùnírátù mọ́lé o! Tákàbà ni. Obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ ẹ̀ kú, kò gbọdọ̀ jáde nílé títí oṣù mẹ́rin ó lé yóò fi pé. Titus ò kírun rí láyé ẹ̀, àmọ́ bàbá Mùnírátù ní ti ọkọ ló mọ̀, ọmọ òun ò ní fi ti Ọlọ́run ṣeré. Obadiah mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí tákàbà yẹn bá fi máa parí, kóòtù á ti kọ̀wé tán.

Susannah náà mọ̀. Ó ń wa ẹ̀rọ ẹ̀ lọ. Inú ẹ̀ ń sọ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tí ọkọ òun fi ń sun Àpòmù, ta ló bi òun pé báwo ló ṣe rí lára òun?

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Ìwé tí akọ̀wé ní kí wọ́n kọ ń bèèrè pé ta àti ta ló bá oko náà pààlà. Obadiah ò mọ̀. Susannah ò débẹ̀ rí. Ẹni tó mọ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bí Susannah ṣe wé gèlè dúdú nìyẹn, ó forí lé Àpòmù, ẹsẹ̀ ló fi rìn ín.

Wọ́n mú un wọ yàrá kan. Mùnírátù jókòó lórí ẹní, ó faṣọ borí. Nígbà tó rí ẹni tó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ọ̀fọ̀."

"Ìwọ náà kú ọ̀fọ̀, Ìyá Ṣàmsù."

"Ẹ jókòó. Ẹ bá mi bí adìẹ tó sàba. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mi ò léyin nídìí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Susannah, ó pa á mọ́ra. Ó ní ìwé kan ni kóòtù ní káwọn kọ, ààlà oko lòun wá bèèrè.

Mùnírátù ò bèèrè irú ìwé tó jẹ́. Ó da ẹ̀kùrọ́ sílẹ̀ látinú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sórí ẹní.

"Odò rèé. Pèrègún tá a gbìn sétí ẹ̀, òun ló pín wa pẹ̀lú àwọn ará ilé Àmọ̀kẹ́. Lápá ọ̀hún, Bàbá Gàrúbà ni. Ẹ ṣọ́ bàbá yẹn o! Bí ẹni ń sún àga ló ṣe máa ń sún pèrègún."

Susannah ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá nawọ́ sí ẹ̀kùrọ́ díẹ̀ tó dá wà nísàlẹ̀. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Etídò nìyẹn. Ibẹ̀ la ti ń ká ti Jemima. Bàbá wọn ní ká máa sá a lọ́tọ̀, kówó iléèwé má baà wọnú owó oúnjẹ. Àwọn ọmọ ibí máa ń bínú sí i. Wọ́n ní ọmọ táwọn ò rí rí ló ń jẹ kòkó tó dáa jù."

Kálàmù dúró lọ́wọ́ Susannah. Nígbà tí Titus wà láyé, gbogbo ìgbà tó bá ti san owó iléèwé, "owó oṣù mi rèé o" ló máa ń wí.

"Ìwọ náà ò bínú?"

"Mo bínú mà. Mi ò ní parọ́ fún yín, ìyáálé mi, mi ò fẹ́ràn yín. Aṣọ tí mo bá ti gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ rán an, mi ò ní wọ̀ ọ́."

"Èmi náà ò fẹ́ràn ẹ."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ò burú." Mùnírátù kó ẹ̀kùrọ́ ẹ̀ pa dà sínú igbá. "Níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ yẹn, wọ́n á bi yín nípa àwọn tó kù lẹ́yìn òkú. Èmi ò lè jáde. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mo wà."

Susannah ká ìwé ẹ̀, ó dìde. Nígbà tó ń pa dà lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko. Màrìwò ti gbẹ dànù. Lẹ́yìn màrìwò, kòkó ti pọ́n, òmíràn ti ń dúdú lórí igi. Ó dúró síbẹ̀ títí, ó ń wò ó. Owó Jemima ló ń dúdú lọ yẹn.

Ó wá di ọjọ́ kóòtù. Misita Olúsànyà, akọ̀wé, jókòó sẹ́yìn tábìlì. Obadiah jókòó ti Susannah. Ìwé ìgbéyàwó wà lórí itan Susannah, ó fi áńkáṣíìfù wé e.

"Ààlà oko ti pé," akọ̀wé wí. "Ó ku ẹyọ kan. Ìyàwó mélòó ló fi sílẹ̀?"

Obadiah wúkọ́.

Susannah wo tábìlì. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, "Méjì."

"Kí lẹ wí, mà?"

"Mo ní méjì. Ọmọ márùn-ún. Èkejì wà nínú tákàbà, kò lè jáde, àmọ́ ó wà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Misita Olúsànyà gbé kálàmù sókè. "Mà, tí mo bá kọ ọ́ pé ẹ ti fẹnu ara yín gba èkejì, ìwé ọwọ́ yín yẹn ò lè ṣe nǹkan kan mọ́ o. Ọ̀rọ̀ ti dọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn. A máa dúró títí èkejì á fi jáde."

"Ṣé kòkó máa dúró?" Obadiah ti dìde. "Ìyàwó mi, ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé, ọkọ mi. Akọ̀wé, ẹ tún kọ eléyìí sí i: ìdí igi la ó fi pín in, kì í ṣe orí ò jorí."

Ẹ ń rí i? Susannah kì í ṣe málékà o. Tí wọ́n bá fi orí ò jorí pín in, iye ọmọ ni wọ́n á kà, Jemima á mú ẹyọ kan nínú márùn-ún. Àmọ́ ìdí igi, ìyá kan, ìpín kan ni. Ìdajì á bọ́ sọ́wọ́ Jemima nìkan, kí mẹ́rin Mùnírátù lọ pín ìdajì tó kù. Nígbà tí wọ́n ròyìn ẹ̀ dé Àpòmù, wọ́n ní Mùnírátù rẹ́rìn-ín lórí ẹní tó wà. Ó ní, "Ìyáálé mi mọ ìṣirò."

Àmọ́ kí Mùnírátù tó jáde, kẹ́bí tó jókòó, kí wọ́n tó tú màrìwò, kòkó ọdún yẹn ti jẹrà tán lórí igi. Owó pósófíìsì náà ń dúró de ìwé àṣẹ kan náà. Iléèwé fàyè Jemima fún ọmọ mìíràn. Ló bá kó àpótí ẹ̀ wálé, ó ń bá màmá ẹ̀ gán bọ́tìnì nídìí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kan, ó ń wá òwú nínú àpótí màmá ẹ̀, ó bá rí ìwé yẹn. Ẹ mọ̀ pé ó ti kàwé. Ó kà á tán.

"Màámi, ṣé ìwé tí Bàbá Obadiah ń sọ nìyí? Èyí tí ì bá dá mi pa dà síléèwé?"

"Òun ni."

"Ẹ sì mú un dání lọ síbẹ̀?"

"Mo mú un dání."

Jemima ká a, ó dá a pa dà síbi tó ti rí i. Kò bá màmá ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Susannah ò bá a wí. Ó fẹ́ sọ ti etídò fún un, àti tàwọn ọmọ tó ń sá kòkó ẹni tí wọn ò rí rí. Kò mọ ibi tóun á ti mú un, ló bá tún ń wa ẹ̀rọ lọ.

Èmi ti sọ tèmi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó níwájú akọ̀wé yẹn, tí ìwé wà lórí itan yín, tọ́mọ yín ń dúró de owó n'Ìbàdàn, tẹ́nì kan tẹ́ ò fẹ́ràn sì wà ní yàrá kan l'Ápòmù tí kò lè jáde wá sọ pé òun wà, ìyàwó mélòó lẹ̀yin máa ní ó fi sílẹ̀?