Ibi Tí Ọ̀pá Ìlù Ti Bọ́

Ìgbà tí ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú abọ́ ni Ayọ̀bámi rí bébà pupa tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìka ti ẹ̀pà tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orúkọ Jónà Kúkọ̀yí ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ihò kékeré tó wà láàárín bébà náà, àti àmì yíǹkì búlúù tí òun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ni. Ẹnì kan ti fi omi gbígbóná mú un rọ̀, ó ti ká etí rẹ̀ sókè bí òdòdó, ó ti sọ ọ́ di abọ́ ẹ̀pà.

Ilé Samuel, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló wà, ní Òkè Gàdà. Ibi tí wọ́n ti ń pín ọjà ìjọba ní Òṣogbo ni Samuel ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, mílíìkì àti ṣúgà kì í tán nílé rẹ̀, lọ́dún tí àwọn ológun gbàjọba yẹn, tí àgbàlagbà ń tò sórí ìlà láti ìdájí nítorí ọṣẹ, tí sójà ń mú kòbókò dúró tì wọ́n. Ayọ̀bámi bi Adébísí, ìyàwó Samuel, pé níbo ló ti rí abọ́ náà.

“Ẹ ò mọ̀ ni? Ìyàwó yín, Ìyá Kẹ́mi, ló ṣe é,” Adébísí ní. “Ọwọ́ ẹ̀ mà dáa o. Mílíìkì agolo méjì ni mo fi gbà á.”

Ayọ̀bámi da ẹ̀pà tó kù sórí ìwé ìròyìn, ó fi abọ́ há abíyá, ó sì jáde. Samuel pè é títí, kò wẹ̀yìn. Bó ṣe ń lọ lójú títì, àwọn èèyàn ń kí i, kò dáhùn. Ojú ẹni tí wọ́n jà lólè ló gbé lọ sílé, lójú tirẹ̀ sì rèé, wọ́n jà á lólè.

Kò sí onílù jáàsì mìíràn lójú ọkùnrin yìí àfi Jónà Kúkọ̀yí. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń ṣa rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jọ, kì í sì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tún un tẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, àfi kó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yóò jókòó ní pálọ̀, yóò gbọ́ èyí, yóò gbọ́ ìyẹn, yóò máa wá ohun tí wọ́n fi kún un àti ohun tí wọ́n yọ. Àwọn ará ilé ti gbà pé àìsàn tirẹ̀ nìyẹn.

Fèyísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé nígbà tó wọlé. Olùkọ́ lòun náà, oúnjẹ sísè àti iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ títí tí ìjọba fi dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ayọ̀bámi na abọ́ náà sí i. Kò bẹ̀rù, kò sì purọ́. Ó ní òun lòun ṣe é.

“Mẹ́ta kan náà ló wà níbẹ̀,” ó ní. “Èyí tó ti gbó, tí páálí ẹ̀ ti ya, ni mo mú. Mo fi àwọn tuntun sílẹ̀ fún yín.”

“Kan náà?” Ayọ̀bámi ju abọ́ náà mọ́lẹ̀. Kò fọ́, ṣe ló ń yí lọ, tó lọ gbá ògiri, ìyẹn náà tún bí i nínú. Ó pariwo pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ nìyẹn. Ó ní láàárín orin tó gùn jù níbẹ̀, ọ̀pá ìlù bọ́ lọ́wọ́ Jónà, ó dún pákáà lórí pákó, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìlù lọ títí tó fi rí ọ̀pá mìíràn. Ó ní àwọn tó tún un tẹ̀ kà á sí àbùkù, wọ́n gé e dànù, wọ́n lẹ orin pọ̀, àti pé ibẹ̀ gan-an lòun fẹ́ràn jù láyé òun.

Fèyísọ́lá wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ayọ̀bámi kò dúró gbọ́.

“Ẹni tí ò mọyì nǹkan,” ó ní, “abájọ tí wọ́n fi lé e lẹ́nu iṣẹ́.”

Fèyísọ́lá gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ó dìde.

“Lọ́jọ́ tí mílíìkì Kẹ́mi tán, níbo lẹ wà?”

Ayọ̀bámi lọ mú abọ́ náà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

“Ìbàdàn lẹ wà. Ẹ lọ ra ẹ̀kẹta, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti dá ohun tí wọ́n gé padà síbẹ̀. Ṣé wọ́n dá a padà?”

“Wọn ò dá a padà.”

“Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, Bàbá Kẹ́mi. Mílíìkì tí ẹ dà sínú tíì lánàá ńkọ́? Ẹ mu ún, ẹ ò bèèrè ibi tó ti wá.”

Láti ọjọ́ yẹn, Kẹ́mi, ọmọ wọn, ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn. Kẹ́mi, sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Kẹ́mi, sọ fún ìyá ẹ pé mi ò jẹ. Tíì dúdú ni Ayọ̀bámi ń mu, ó korò, inú sì túbọ̀ ń bí i nítorí pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Lọ́sàn-án Sátidé, iná ọba dé. Ayọ̀bámi gbé rẹ́kọ́ọ̀dù tó rà ní Ìbàdàn sórí ẹ̀rọ, bóyá nítorí kí inú lè túbọ̀ bí i dáadáa. Ìlù ń lọ geere. Ó dé ibi tí wọ́n ti lẹ orin pọ̀, ó kọjá.

Pákáà. Nǹkan bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yíjú padà. Fèyísọ́lá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, orógùn wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ibẹ̀ kọ́?” ó ní. “Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi ni mo ti ń gbọ́ ọ láti kíṣìnnì. Mo rò pé ẹ̀yin ni nǹkan máa ń bọ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì máa ń fi ara yín rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé inú rẹ́kọ́ọ̀dù ló wà.”

Ayọ̀bámi wo orógùn náà. Inú rẹ̀ kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í.

“Fèyí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo sọ lọ́jọ́sí...”

“Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì dárí ẹ̀ jì yín.”

Orin ń lọ.

“Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bọ́,” Ayọ̀bámi ní nígbẹ̀yìn. “Ọ̀pá yẹn máa ń tètè bọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Fèyísọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó mú orógùn rẹ̀ nílẹ̀.

“Ẹ dá a padà, nígbà náà.”

Ayọ̀bámi gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga láti fún Fèyísọ́lá láyè.