Orin Ìkó-Àga

Lọ́dún tó kọjá, àwọn òbí sùn lọ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ọ̀gá ilé-ìwé wá kìlọ̀ fún olùkọ́ orin: "Tíṣà, bí wọ́n bá tún sùn, ìwọ ni n ó bi."

Olùkọ́ mú orin mẹ́ta wá, àwọn ọmọ ń yán. Nígbà tí aago lù, wọ́n ń kó àga jọ, wọ́n sì ń kọ orin tí wọ́n fi ń kó o lójoojúmọ́. Ilé mì tìtì.

"Èyí la ó kọ," ni olùkọ́ wí.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, orin kò tíì dé ìdajì tí ọwọ́ àwọn ọmọ fi tẹ̀lé ẹnu wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni ọmọ kan wí fún òbí tó ṣì jókòó.

Wọ́n kó gbogbo àga, títí kan ti ọ̀gá, gbogbo òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Tíṣà, o ṣeun," ni ọ̀gá wí níbi tó ti ń jó. "Jẹ́ kí n rí ẹni tí yóò sùn lórí ìdúró."