Kẹ̀kẹ́ Olóògbé Alhaji

Ẹ̀yin náà ti fura: ẹni tó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà jù, òun gan-an ni kò ní sùn bí kò bá rí i rà.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Ọládàpọ̀, lọ́yà kan ní Ṣàgámù tó ń kó kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ tí wọ́n fi ń gun òkè jọ, àwọn onítáyà gbàgìdì tí kò ní sípíríńgì kankan tí yóò gba ìdí ẹni sílẹ̀. Fún un, kẹ̀kẹ́ tí wọn kò tún kùn lọ́dà rí nìkan ni kẹ̀kẹ́. Ó ti lérí fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ ní Ìkẹ́nnẹ́ pé lọ́jọ́ Sátidé òun á gun irú rẹ̀ wá, kí Akínkúnmi tó ń fi ọ̀kan ṣoṣo tirẹ̀ yangàn lè panu mọ́.

Nílé Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyá olóbì kan, lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ obì, ló ti rí ọ̀kan. Olóògbé ọkọ ìyá náà ló máa ń gùn ún lọ wo obì ní Irolu. Àwọ̀ ewéko ni, ọ̀dà tó bá a wáyé ṣì wà lára rẹ̀. Ó wu Ọládàpọ̀ dé ọkàn, síbẹ̀ kò fi hàn. Ó yínmú.

"Alhaja, kí lẹ fẹ́ fi eléyìí ṣe? Ẹ wo ọ̀dà ara rẹ̀, bí adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ kù."

"Ṣé ẹ̀gàn lo bá wá ni, lọ́yà? Alhaji kì í gun ohun tí kò dáa."

"Mi ò gàn án, mà. Iyì yín ni mò ń rò. Bí mo bá rà á, ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ mi, ṣé kò ní béèrè ilé tó ti jáde?"

Alhaja fọwọ́ pa ọ̀dà náà wò. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọládàpọ̀ rẹ́rìn-ín sínú: ó ti já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ìdí rẹ̀ náà kò balẹ̀. Ó ń wakọ̀ gba iwájú ilé náà lọ, ó ń gbà á bọ̀. Ní kóòtù, táyà ló ń yà sẹ́yìn ìwé oníbàárà. Ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn rí Akínkúnmi ní Sábó, nítòsí ilé Alhaja, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gba ibẹ̀ kọjá.

Jímọ̀ dé. Alhaja ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ ta mí. Ta ní í fa ohun olóògbé rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀? Mi ò gbowó mọ́, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Kò ṣáà jọ adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ kù mọ́. Máa bọ̀ lẹ́yìnkùlé."

Kẹ̀kẹ́ náà wà nínú oòrùn, ó pupa fòò láti orí dé ẹsẹ̀. Ọládàpọ̀ nawọ́ sí i.

"Rọra o," Alhaja ní. "Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ."