Ìbò Tí Wọ́n Buwọ́ Lù

"Ìwọ tí o kò mọ̀wé, kí lo tò sórí ìlà fún?"

Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé ló bi Ìyá Àsmá'ù bẹ́ẹ̀, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ìbéèrè kékeré ni obìnrin náà bi í. Wọ́n lẹ àpẹẹrẹ ìwé ìbò mọ́ ara géètì kan ní àdúgbò wọn ní Festac, ó sì bẹ Akíntúndé, tó máa ń pè ní Dádì, pé kí wọ́n bá òun fọwọ́ tọ́ka sí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ọkùnrin kan tó ń du ipò kánsílọ̀, ẹni tó bá àwọn ọlọ́jà Agboju kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà nígbà tí omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọ̀mọ̀wé kan tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dá ṣáká ni Akíntúndé fẹ́ yàn ní tirẹ̀. Ó ní irú àwọn Ìyá Àsmá'ù ló ń ba ìlú jẹ́, ó yẹ kí òfin ní kí ẹni tí kò bá ní sátífíkéètì jókòó sílé. Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wolẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Akíntúndé fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnu lásán ló fi ń tún ìlú ṣe. Bí wọ́n bá ń dìbò, oorun ló máa ń sùn. Èyí ni ìbò rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí omidan tó ń pín ìwé ìbò fẹ́ ṣàlàyé fún un, ó ní kó má ṣèyọnu, òun ti ń buwọ́ lu ìwé kí wọ́n tó bí i. Ó rí tàdáwà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìka, ó fojú fò ó. Ìka títẹ̀, ti púrúǹtù ni. Ó fa bírò rẹ̀ yọ, ó máàkì ẹni tó wù ú, ó sì buwọ́ lù ú bí ẹni buwọ́ lu fáìlì.

Nígbà tí wọ́n ń ka ìbò ní gbangba, omidan náà gbé ìwé kan sókè. Ó ní kò sí ìka lórí rẹ̀, bírò ni wọ́n fi kọ nǹkan sí i, ó ti di òfo. Aṣojú ẹgbẹ́ kan béèrè púrúǹtù tó ṣe irú èyí. Ẹ̀rín sọ. Charles, aládùúgbò Akíntúndé, fìgùnpá tọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ sọ láàárọ̀ náà nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ irú obìnrin yẹn ni."

Akíntúndé ń wo ìbuwọ́lùwé ara rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni" tó sọ yẹn ló ń rò títí ilẹ̀ fi ṣú. Obìnrin tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìwé ìbò ló di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rù.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agboju. Ẹ̀wà ló ń wọ̀n fún oníbàárà. Ó kúnlẹ̀ kí Dádì bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ìyẹn sì tún dá kún ìtìjú ọkùnrin náà.

"Ìyá Àsmá'ù, ẹ má bínú. Èmi gan-an ni mo ba ìbò jẹ́ lánàá. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í, n kò sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ mi."

Obìnrin náà wò ó. Kò rẹ́rìn-ín.

"Dádì, ṣé wọ́n ṣì ń dìbò lónìí ni?"

"Rárá."

Ó da ẹ̀wà sínú ọ̀rá, ó so ó, ó wá fa àpótí ìjókòó kan jáde. Ó ní kí wọ́n jókòó, oòrùn mú.

Akíntúndé kò lè jókòó. Ó dágbére fún un, ó sì forí lé ilé Charles láti lọ sọ ẹni tó ni ìbuwọ́lùwé náà fún un.